Ẹ fi ẹnu ara yín bi ilé-iṣẹ́ amúnimòòkùn léèrè kí ẹ tó sanwó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwa òǹkàwé láti sọ èrò ọkàn wa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn ará Èkó tí ń fi owó tí wọ́n fi òógùn ojú kó jọ ra ìrìn-àjò ìgbafẹ́ lọ sí àwọn erékùsù Karibéánì, pàápàá jù lọ àwọn tọkọtaya tuntun àti àwọn tí ń ṣe ọjọ́ìbí ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, tí ìpolówó ń sọ fún pé ìmòòkùn nínú òkun wà lára ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ ọmọdé àti àgbà ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní Yábàá. Èmi náà ti kọ́ bí a ṣe ń fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn, mo sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa mú ìpolówó wọ̀nyí wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ ilé-ìtura a wà níbẹ̀, orúkọ ọkọ̀ òfurufú a wà níbẹ̀, wọn a tilẹ̀ sọ irú oúnjẹ àárọ̀ tí àlejò yóò jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé afẹ́fẹ́ kọ́ àlejò yẹn lẹ́yìn, tí yóò sì mú un sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí ènìyàn kò ti lè mí fúnra rẹ̀, kì í ní orúkọ. Bí a bá bi ejẹ́ńtì léèrè, èsì rẹ̀ ni pé ilé-ìtura yóò ṣètò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Èrò mi ni pé ẹni tí ń lọ gan-an ló yẹ kó yan ilé-iṣẹ́ tí yóò mú un mòòkùn, kó yàn án láti Èkó níhìn-ín, kó sì ti bá a sọ̀rọ̀ kó tó san kọ́bọ̀.

Kí ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn lè yé wa, ẹ jẹ́ ká rántí Harrison Okene, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ alásè nínú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé lójú òkun lẹ́bàá Escravos ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Nǹkan bíi wákàtí 60 ló lò ní ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó nǹkan bíi mítà 30, tó ń mí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú ọkọ̀ náà, kí àwọn amòòkùn tó wá ṣa òkú tó bá a láàyè. Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà sọ. Àwọn tó rí i kò lè kàn fà á sókè kó yọrí lójú omi kó sì máa lọ sílé. Wọ́n ní láti fi í sínú yàrá onírin kan tí a fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí, ó sì lò ju ọjọ́ méjì lọ níbẹ̀ kí ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ká ní wọ́n gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni, ìgòkè yẹn ni ì bá pa á lẹ́yìn tí omi kò rí i pa.

Ohun tó fa èyí ni pé omi wúwo. Bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ ní mítà 10, agbára tó ń tẹ ara wa yóò di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 20 yóò di ìlọ́po mẹ́ta. Ní mítà 30 yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí níbẹ̀ náà yóò fún pọ̀ bákan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ ni nitrogen, tí ara kì í lò, tí yóò sì máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara lọ níwọ̀n ìgbà tí a bá wà nísàlẹ̀. Bí a bá ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí a kò yára ju nǹkan bíi mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí a sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó yọrí, yóò bá èémí jáde. Bí a bá sáré gòkè, yóò máa hó nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú oríkèé, ó sì lè sọ ènìyàn di arọ tàbí kó pa á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọmọ etídò ni àwọn, pé omi kì í ṣe àjèjì sí àwọn. Òótọ́ ni. Mo ní ọ̀wọ̀ ńlá fún àwọn ọkùnrin tí ń wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó, tí wọ́n ń di ọ̀pá mú sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, láìní sílíńdà, láìní ohunkóhun ju èémí inú ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà sínú lórí omi náà ni yóò gbé padà sókè, kò lè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mí láti inú sílíńdà ní mítà 10, tó wá sé èémí mọ́nú tó sì gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò fẹ̀ di ìlọ́po méjì, ẹ̀dọ̀fóró náà sì lè ya. Sísé èémí mọ́nú tó ń gba awayanrìn là ni yóò ṣekú pa onísílíńdà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó mọ odò wẹ̀ dáadáa láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àwọn gan-an ló yẹ kó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ jù, torí àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ ilé-iṣẹ́ tó dára nígbà tí a wà ní Èkó, tí òkun ńlá sì wà láàárín wa? Lójú tèmi, àmì kan wà tó ju gbogbo àwòrán ẹja aláràbarà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ: ilé-iṣẹ́ tó dára yóò bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kó tó béèrè owó. Yóò fẹ́ mọ irú ìwé-ẹ̀rí tí ẹ ní àti àjọ tó fún yín, bóyá PADI ni tàbí SSI tàbí NAUI tàbí CMAS. Yóò béèrè ìgbà tí ẹ mòòkùn kẹ́yìn àti bí ó ṣe jìn tó, nítorí ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn tí kò tún wọ omi mọ́ ní láti kọ́kọ́ rántí ohun tó kọ́ nínú omi tí kò jìn. Yóò sì fi ìwé ìbéèrè nípa ìlera ránṣẹ́, èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí àwọn kan nínú rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbà yín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìwé ìlera yìí, torí àṣà kan wà láàárín wa tó ń kó ìpayà bá mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti rí ìwé ìbéèrè, rárá ni a óò máa kọ láti òkè délẹ̀ kí wọ́n má baà dá wa padà. Kò yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ikọ́ ásímà lè há afẹ́fẹ́ mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ènìyàn bá ń gòkè. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn lè ṣe ìjàǹbá fún ẹni tí ń bá ìṣàn omi jà pẹ̀lú ẹrù wúwo lẹ́yìn. Ẹni tí wárápá bá mú nísàlẹ̀ omi kò ní lè di ohun tí a fi ń mí mú sẹ́nu. Aláboyún kò gbọdọ̀ mòòkùn rárá, ó sì yẹ kí àwọn tọkọtaya tuntun fi èyí sọ́kàn. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, tí a ní púpọ̀ nílẹ̀ yìí ju ibi tó pọ̀ lágbàáyé lọ, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí àìtó ọ́síjìn àti òtútù omi jẹ́ ohun tó ń ru àìsàn náà sókè. Ilé-iṣẹ́ tó bá ka èsì yín tó sì sọ pé òun kò lè mú yín wọ omi ti ṣe yín lóore, bí ó tilẹ̀ dùn yín. Èyí tó bá ní kí ẹ kàn kọ rárá sí gbogbo rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè nípa ìwé-ẹ̀rí náà kì í ṣe àṣejù. Ẹni tó bá gba ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ PADI, mítà 18 ni a kọ́ ọ láti dé; ẹni tó tẹ̀síwájú lè dé mítà 30; fún ìgbafẹ́, kò sí ẹni tó yẹ kó kọjá mítà 40. Ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan, tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò fún ọjọ́ kan ṣoṣo lábẹ́ olùkọ́, kò gbọdọ̀ kọjá mítà 12, olùkọ́ rẹ̀ sì ní láti wà nítòsí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Irú àlejò yìí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ti Èkó lọ, irú wọn náà ni a sì ń tàn jẹ jù. Ẹ béèrè ènìyàn mélòó ni olùkọ́ kan yóò mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí iye náà bá ju mẹ́rin lọ fún àwọn tí kò wọ omi rí, kò lè ṣọ́ gbogbo wọn, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó.

Ibi tí a ń lọ náà ní ohun tó yẹ kí a béèrè. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn Barbados torí pé wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ wa níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí a ó gbà kọjá lè béèrè tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan wà lábẹ́ òkun Barbados tí gbogbo amòòkùn ń fẹ́ rí, Stavronikita ni orúkọ rẹ̀. Iná jó o ní ọdún 1976, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ rì í ní ọdún 1978 kó lè di ibùgbé ẹja. Ó dúró lórí ìdí rẹ̀ níbi tí omi ti jìn tó nǹkan bíi mítà 40. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sọ pé òun yóò mú ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀ náà, pé kó ṣáà máa tẹ̀ lé òun, ilé-iṣẹ́ náà ti fi ara rẹ̀ hàn.

Ní Cozumel, lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ìṣàn omi ló ń gbé amòòkùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta iyùn, kò sì sí ẹni tó lè wẹ̀ padà sí ibi tó ti wọ omi. Ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé wọn lókè. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá awakọ̀ yóò máa tọ ipa àwọn amòòkùn, àti bóyá amọ̀nà ní àpò gígùn aláwọ̀ ọsàn tí a ń fẹ́ sókè lójú omi kí ọkọ̀ lè rí wọn. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n máa ń ya àwọn tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ti mọ̀ ọ́n. Ní Little Cayman, àpáta iyùn dà bí ògiri tó ṣẹ́ sínú òkun lójijì, ẹsẹ̀ kò sì ní ibi tí yóò tẹ̀; ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń dúró sójú kan nínú omi lè rì kọjá ibi tó yẹ láìmọ̀, torí kò sí ilẹ̀ tí yóò fi wọn ara rẹ̀. Mo fẹ́ràn ètò Bonaire jù nínú gbogbo wọn. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti sọ òkun tó yí erékùsù náà ká di ọgbà ààbò. Àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àlàyé, kó sì mòòkùn níbi tí kò léwu kí wọ́n lè wo ọwọ́ rẹ̀, kó tó lọ sí ibòmíràn. Wọn kì í jẹ́ kí amòòkùn wọ ìbọ̀wọ́ kó má baà máa di iyùn mú, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdákọ̀ró sórí iyùn. Ilé-iṣẹ́ tó bá fo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kí àlejò lè tètè gbádùn, òfin ibẹ̀ ló ń rú.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni afẹ́fẹ́ inú sílíńdà fúnra rẹ̀, torí pé ó yẹ kí ará Èkó mọ ewu yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀rọ kan ló ń fún afẹ́fẹ́ wọ inú sílíńdà, irú èyí tí àwọn fọ́kanáísà wa fi ń fẹ́ táyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn lágbára jù ú lọ fíìfíì tó sì ní asẹ́ tí ń yọ òróró àti ọ̀rinrin kúrò. Ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń fa afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá wà nítòsí èéfín jẹnẹrétọ̀, tàbí èéfín ọkọ̀, tàbí èéfín ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ bí ó bá jẹ́ oní-dísù, yóò fa gáàsì carbon monoxide mọ́ afẹ́fẹ́. A mọ gáàsì yìí. Òun ló ń pa àwọn ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn, tí àwọn aládùúgbò ń kan ilẹ̀kùn wọn lówùúrọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Kò ní òórùn, kò ní adùn, kò ní àwọ̀. Ìwọ̀nba tí kò ní ṣe ènìyàn ní nǹkan kan lórí ilẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin nínú èémí rẹ̀ bí ó bá dé mítà 30, orí yóò máa fọ́ ọ, òye rẹ̀ yóò dàrú, ó sì lè dákú níbi tí dídákú ti túmọ̀ sí ikú.

Nítorí náà, ẹ béèrè. Ẹ béèrè bóyá iná mànàmáná ni ẹ̀rọ náà ń lò tàbí dísù. Ẹ béèrè ibi tí ẹnu tó fi ń fa afẹ́fẹ́ wà, ìgbà tí wọ́n yí asẹ́ rẹ̀ padà kẹ́yìn, àti bóyá wọ́n máa ń fi afẹ́fẹ́ wọn ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe yóò ní ìwé àyẹ̀wò náà lára ògiri, inú rẹ̀ yóò sì dùn láti yà á ní fọ́tò fún yín. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ara sílíńdà: ọjọ́ tí wọ́n fi omi dán agbára rẹ̀ wò kẹ́yìn máa ń wà ní fífín sí ọrùn rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń ṣe é, yàtọ̀ sí yíyẹ inú rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ẹ ṣí i díẹ̀, kí ẹ gbóòórùn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí òróró tàbí bí èéfín, ẹ má fi ẹnu sí i. Bí kò bá rùn, ìyẹn nìkan kò tó, ìdí sì nìyí tí ìwé àyẹ̀wò fi ṣe pàtàkì.

Nípa ọkọ̀ ojú omi, ohun díẹ̀ ni mo ní láti sọ. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ́síjìn tó pọ̀ tó láti gbé aláìsàn dé èbúté, rédíò tó ń ṣiṣẹ́, àti ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n wà tí kò ní kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá wà nísàlẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pe orúkọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbéra padà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998, ọkọ̀ kan ní Ọsirélíà gbéra padà sí èbúté, ó fi tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan sílẹ̀ lójú òkun, ọjọ́ méjì sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura, nígbà tí wọ́n rí àpò wọn nínú ọkọ̀. A kò rí wọn mọ́ títí dòní. Kíka orí nìkan kò tó, torí ẹni tí ń kà á lè ṣì í. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ, kí olúkúlùkù sì jẹ́ é. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí àlejò ń sùn sí ni, ẹ béèrè ẹni tí yóò ṣọ́nà lóru. Ènìyàn 34 ló kú nínú ọkọ̀ Conception ní Kalifóníà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí iná sọ lóru tí kò sí ẹni tó ń rìn kiri láti ṣọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ohun kan tó dà bíi kékeré. Àtàǹpàkò tí a ń nà sókè láti fi sọ pé nǹkan dára, ohun tó túmọ̀ sí fún amòòkùn ni pé kí a máa gòkè. Ìka ìfábẹ̀lá àti àtàǹpàkò tí a fi kan ara wọn di òbìrípo ni wọ́n fi ń sọ pé kò sí ìṣòro. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ yóò kọ́ àlejò ní gbogbo àmì wọ̀nyí lórí ilẹ̀, yóò sì ní kó ṣe é padà fún òun, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ rárá.

Mo tún fẹ́ bá àwọn ejẹ́ńtì wa sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ òfurufú, torí ibi yìí gan-an ni mo ti ń rí ètò tó léwu jù. Wọ́n fẹ́ràn láti fi ìmòòkùn sí ọjọ́ ìkẹyìn, kí àlejò lè rí ohun tó dùn jù kó tó dágbére. Nitrogen tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kì í tán lára lọ́gán tí a bá jáde nínú omi. Agbára afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú kéré sí ti ilẹ̀, ó dà bí ẹni tó wà lórí òkè tó ga tó nǹkan bíi mítà 2,000, nítorí náà ohun tí ì bá rọra jáde lè hó nínú ẹ̀jẹ̀ lójú òfurufú. Ìlànà tí DAN, àjọ tó ń bójú tó ààbò àwọn amòòkùn láti ọdún 1980, gbé kalẹ̀ ni pé ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú títí wákàtí 12 yóò fi pé, ẹni tó mòòkùn léraléra tàbí fún ọjọ́ púpọ̀ sì ní láti dúró fún wákàtí 18 ó kéré tán. Bí àwọn ará Èkó ṣe ń rìn, láti erékùsù sí London tàbí ìlú mìíràn, kí a tún tó gbéra wá sílé, àìsàn náà lè mú ènìyàn níbi tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ kejì ni kí ẹ fi ìmòòkùn sí. Ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ jókòó sí etí òkun. Ilé-iṣẹ́ tó bá gbà láti mú yín wọ omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń fò lọ, láìbéèrè aago tí ọkọ̀ yín yóò gbéra, kò bìkítà fún ẹ̀mí yín.

Ìbéèrè nípa owó kò lè ṣe kó má wáyé. Ìmòòkùn méjì láti inú ọkọ̀ sábà máa ń lé ní dọ́là 100 ní àwọn erékùsù wọ̀nyẹn, bí a bá sì ṣẹ́ ẹ sí náírà, owó ńlá ni, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà pé ó ń wá èyí tó dínwó. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ béèrè ibi tí owó ti dín. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ wọn kéré tàbí pé wọn kò ní ilé tó lẹ́wà, ìyẹn kò burú. Bí ó bá jẹ́ pé amọ̀nà kan ló ń kó ènìyàn mẹ́wàá, ẹ̀mí àlejò ni wọ́n fi dín owó náà. Ẹ wo ìwé adójútòfò ìrìn-àjò yín pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yọ ìmòòkùn kúrò nínú ohun tí wọ́n ń san owó lé lórí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtọ́jú nínú yàrá onírin bí irú èyí tí wọ́n fi Okene sí, pẹ̀lú ọkọ̀ òfurufú tí yóò gbé aláìsàn débẹ̀ bí kò bá sí lórí erékùsù náà, wọ́n gógó. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ náà ibi tí yàrá bẹ́ẹ̀ tó súnmọ́ wọn jù wà. Ó yẹ kó lè dáhùn láìronú.

Àkókò ìsinmi gígùn àwọn ọmọ wa, oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, bọ́ sáàárín àkókò ìjì líle Karibéánì, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá. Ìjì Beryl tó ba Carriacou jẹ́ ní ilẹ̀ Grenada, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2024 ni. Aruba, Bonaire àti Curaçao wà ní gúúsù níbi tí ìjì kì í sábà dé. Ẹni tó bá ń lọ síbòmíràn lásìkò náà, kó gba ọ̀rọ̀ ìdápadà owó ní kíkọ sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu.

Gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí ṣeé béèrè láti Èkó. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yìí ló wà lórí WhatsApp, wọ́n sì ń dáhùn. PADI ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti lè fi nọ́ńbà olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni pé olùkọ́ ni. Bí ẹ bá ń ka ohun tí àwọn oníbàárà wọn kọ, ẹ yára fo ìyìn kọjá, kí ẹ ka èyí tí inú bí ẹni tó kọ ọ́, torí ẹni tó bínú pé wọn kò jẹ́ kí òun wọ omi nítorí pé òkun ń ru, ó ti yìn wọ́n láìmọ̀.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ yín kò ju ẹyọ kan lọ. Ìwé ìròyìn yín àti àwọn mìíràn ń gba ìpolówó ìrìn-àjò lọ́wọ́ àwọn ejẹ́ńtì. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó tẹ ìpolówó tó bá ní ìmòòkùn nínú, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí yóò mú àlejò wọ omi sí i, àti ìlú tí ilé-iṣẹ́ náà wà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ilé-ìtura. Bí orúkọ bá ti wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ lọ yóò lè kọ̀wé sí wọn kó tó sanwó, èmi náà yóò sì lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ọ́ ní Yábàá níhìn-ín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kan,
Yábàá, Èkó.